Ẹ Má Fo Aólẹ̀: Lẹ́tà láti Houston lórí Ọ̀rọ̀ Àwọn Kọ́tábáàkì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ọmọ mi Ṣèyí ló fi ojú ewé yín kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Dádì, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó kà á." Ó mọ̀ mí. Akọ̀ròyìn yín kan kọ̀wé nípa àwọn tó ti ṣe kọ́tábáàkì, ìyẹn ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, fún Yunifásítì Houston. Ó dárúkọ Andre Ware, ó dárúkọ David Klingler, ó dárúkọ Case Keenum, ó ka iye yáàdì tí bọ́ọ̀lù ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn rìn, ó wá ní àwọn yòókù "kàn wá gbálẹ̀ àyè náà de àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni."

Ẹni tó ti gbowó oṣù nídìí ìgbálẹ̀ ni mí, n ó ṣàlàyé ìyẹn láìpẹ́, nítorí náà mi ò ka ilẹ̀ gbígbá sí èébú. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ní lọ́kàn, kò sì dùn mọ́ mi nínú.

Ta ló ń ka àwọn Aláàfin tó máa fo Aólẹ̀? Aólẹ̀ kò rí ire lórí ìtẹ́. A mọ bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe parí, a mọ èpè tó ṣẹ́ kó tó lọ. Síbẹ̀, bí arọ́kin bá ń to àwọn ọba Ọ̀yọ́, orúkọ rẹ̀ wà ní àyè rẹ̀, láàárín ẹni tó jẹ ṣáájú rẹ̀ àti ẹni tó jẹ tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé ìlú kò tòrò lójú ayé rẹ̀. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò ju ìyẹn lọ.

Kí àwọn òǹkàwé tó wà nílé má bàa sọnù: bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó. Ọkùnrin mọ́kànlá ní apá kan, mọ́kànlá ní apá kejì. Ìgbìyànjú mẹ́rin ni wọ́n fún ẹni tó ni bọ́ọ̀lù láti fi sún un síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí kò bá lè ṣe é, ọ̀tá gbà á. Kọ́tábáàkì ni bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ tó ní láti pinnu bóyá kó jù ú, kó gbé e fún ẹlòmíì, tàbí kó gbé e sá fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn géńdé tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn géètì ń sáré bọ̀ wá wó o mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wà nípò yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù tó mọ iṣẹ́ náà á dé fìlà, wọ́n á dúró lẹ́bàá pápá bí ọmọ ọba tí ipò kò tíì kàn, wọ́n á máa wo ẹnu akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí. Ọdún 1986 ni mo dé Houston láti wá kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa Yunifásítì Houston kí n tó wọkọ̀ òfuurufú ni pé ọmọ Èkó kan, Hakeem Ọlájùwọ́n, ti gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé gbogbo ẹni tó bá ti ga níbẹ̀ ni wọ́n ń fún lówó ilé-ìwé. Mi ò ga, wọn ò sì fún mi. Nígbà tó fi máa di 1989, iṣẹ́ mẹ́ta ni mò ń ṣe pọ̀, ọ̀kan nínú wọn ni ilẹ̀ gbígbá ní Astrodome.

Pápá ìṣeré tó ní òrùlé ni Astrodome, odindi pápá lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, láti 1965. Òjò ò lè pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Koríko rẹ̀ nígbà náà kì í ṣe koríko gidi, wọ́n ṣe é lóge bíi kápẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ wa ni pé bí èrò bá ti ń jáde, a ó máa tọ ìlà ìjókòó lọ láti òkè wá sílẹ̀, a ó máa gbá èèpo ẹ̀pà, guguru àti ife pépà. Ẹni tó ń darí wa kì í fẹ́ kí a wọlé kí eré tó parí, ṣùgbọ́n ihò ńlá kan wà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà wọlé, bí ènìyàn bá di ìgbálẹ̀ rẹ̀ mú níbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan. Ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi ni tíkẹ́ẹ̀tì mi.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1989, nígbà tí àwọn ọmọ yunifásítì SMU láti Dallas wá pàdé Houston. Akọ̀ròyìn yín kọ ọ́ pé "gbogbo Amẹ́ríkà ló jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n wo Ware." Irọ́ ni o. Kò sí tẹlifíṣọ̀n. Àjọ NCAA tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì ti fìyà jẹ Houston nítorí òfin tí wọ́n rú nígbà àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún náà, kò sì gbọdọ̀ gbá àgbákẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní bowl. Àwọn tó bá wà nínú ilé nìkan ló ń rí Ware. Ìjókòó òfìfo sì pọ̀, mo mọ̀ ọ́n, torí èmi ni mo gbá abẹ́ wọn.

Ohun tí mo rí láti ẹnu ihò yẹn rèé. Ọmọkùnrin náà gba bọ́ọ̀lù, ó sún sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó jù ú. Ẹni tó ń jù ú sí ṣì kẹ́yìn sí i, ó ń sá lọ. Mo ní, kí lèyí, ó ti jù ú nù! Bọ́ọ̀lù wà lókè ni ọ̀gbẹ́ni náà tó yíjú, ó na ọwọ́, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sínú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn gba ife omi lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní Run and Shoot ni, akọ́nimọ̀ọ́gbá Jack Pardee ló gbé e wá sí Houston. Ẹni mẹ́rin ló ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹni tí wọ́n ti sọ fún ṣáájú pé ibi báyìí ni kó yà sí. Ibi tí ọ̀tá tó ń ṣọ́ ọ bá dúró sí ló máa sọ fún un. Bí ọ̀tá bá wà lókè, kó gé e kúrú. Bí ọ̀tá bá sún mọ́ ọn, kó kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́tábáàkì náà ń wo ọ̀tá kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí ojú àwọn méjèèjì bá ka ohun kan náà, bọ́ọ̀lù á bá ọwọ́ pàdé. Bí wọ́n bá kà á yàtọ̀, ó di ti ọ̀tá. Ẹni tó bá sì sọ pé agbára nìkan ni eré yìí gbà, kó wá bá mi.

Kí wọ́n tó sinmi ní ìlàjì, Ware nìkan ti ju bọ́ọ̀lù tó rìn ní yáàdì 517, touchdown mẹ́fà, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó dé òpin pápá ọ̀tá, ti tọwọ́ rẹ̀ jáde. Wọ́n ní kó lọ jókòó. Ẹni tó wọlé rọ́pò rẹ̀ ni Klingler, òun náà tún ń jù. 95 sí 21 ló parí sí. Ikọ̀ náà rin yáàdì 1,021 lọ́jọ́ kan. Inú mi dùn, àyà mi sì tún ń já. NCAA ti pa bọ́ọ̀lù SMU rẹ́ fún odindi ọdún 1987, wọn ò gbá ti 1988 náà, ọmọ tuntun ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kó wá. Nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ọ̀kan nínú wọn fi akoto rẹ̀ bojú. Kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Mo fa ìgbálẹ̀ mi sẹ́yìn kó lè ráyè kọjá.

Ìparí ọdún yẹn ni Ware gba àmì ẹ̀yẹ Heisman, èyí tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà. Yáàdì 4,699 àti touchdown 46 ló wà lórúkọ rẹ̀ ní sáà náà. Láti 1935 ni wọ́n ti ń fún ènìyàn ní Heisman. Ènìyàn dúdú ti gbà á ṣáájú, láti orí Ernie Davis ní 1961, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù gbígbé sá ni ti Davis. Kọ́tábáàkì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ni Andre Ware, ọmọ ìlú Dickinson, tí kò jìnnà sí Houston. Ẹ wo ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Kì í ṣe pé àwọn dúdú tó lè ju bọ́ọ̀lù kò sí. Bí ọmọ dúdú bá ṣe kọ́tábáàkì nílé-ìwé girama, tó dé yunifásítì, wọ́n á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kó lọ máa sáré gba bọ́ọ̀lù. Ìdí tí wọn kì í sọ síta ni pé wọn ò gbà pé ó lè ronú nípò yẹn. Warren Moon ṣe é dáadáa ní Yunifásítì Washington, ní 1978 ó ní láti gba Kánádà lọ kó tó rí ibi tí wọ́n ti jẹ́ kó ṣe kọ́tábáàkì. Ní 1984 ló padà wá sí Amẹ́ríkà, inú Astrodome yìí kan náà, fún Oilers, ikọ̀ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun. Ẹ rò ó wò: ní 1989, òrùlé kan ṣoṣo ló bo Moon àti Ware. Èmi gbálẹ̀ lẹ́yìn àwọn méjèèjì.

Ó dáa. Títí dé ibí èmi àti akọ̀ròyìn yín fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń rìn. Ibi tí a ti pínyà ni yáàdì. Ó fi yáàdì wọn gbogbo ènìyàn, ó ní ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò bá rìn jìnnà kò ṣe nǹkan kan. Ìwọ̀n yẹn kò bá gbogbo ọjà mu.

Bill Yeoman ló ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Houston láti 1962 títí di 1986. Òun ló dá ọgbọ́n tí wọ́n ń pè ní Veer sílẹ̀. Nínú Veer, kọ́tábáàkì kì í sábà ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀tá kan sílẹ̀ láìdí i lọ́nà. Kọ́tábáàkì á na bọ́ọ̀lù sí ikùn ẹni tó fẹ́ gbé e sá, kò ní tíì fi sílẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lára ọ̀tá yẹn. Bí ọ̀tá bá dìgbò lu ẹni tó ń sá, á fa bọ́ọ̀lù yọ, á gbé e lọ fúnra rẹ̀. Bí ọ̀tá bá dúró dè é, á fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Ó fi èyí jọ oníṣòwò tó na ọjà síwájú oníbàárà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa lè má ju bọ́ọ̀lù ju ìgbà mẹ́wàá lọ nínú eré kan. Ṣé a ó wá kó ti Ware wọ̀n ọ́n?

Danny Davis ṣe é. Ní 1976 ni Houston bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àwọn ńlá ilẹ̀ Texas, Southwest Conference, ọdún tí wọ́n wọlé náà ni wọ́n débẹ̀ tí wọ́n bá Texas Tech pín ife. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1977, wọ́n na Maryland 30 sí 21 ní Cotton Bowl. Davis ni kọ́tábáàkì. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìròyìn yín.

Bóyá nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún méjì lẹ́yìn náà ni. Mi ò tíì dé Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan tí a jọ ń gbálẹ̀ ní Astrodome a máa sọ ìtàn náà lóṣooṣù, á fi ìgbálẹ̀ yàwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1979, Dallas, yìnyín bo gbogbo ìlú, Cotton Bowl. Houston àti Notre Dame. Kọ́tábáàkì Notre Dame ni Joe Montana, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà. Òtútù mú un débi pé nígbà tí wọ́n lọ sinmi kò lè padà jáde. Dókítà dá a dúró sínú yàrá, wọ́n fi kúbùsù bò ó, wọ́n fún un lómi ọbẹ̀ adìẹ mu. Níta, Davis àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gbá a dé 34 sí 12. Montana mu ọbẹ̀ tán, ó jáde wá, ó sì ń lé wọn bọ̀. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 28, Houston ṣì ni ó ń ṣíwájú, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn, yáàdì kan péré ló kù fún wọn níbi ìgbìyànjú kẹrin. Yeoman ní kí wọ́n gbé e sá. Wọ́n dá ẹni tó gbé e dúró. Montana gbà á, ó jù ú sí igun pápá bí àkókò ti ń tán. 35 sí 34. Bàbá yẹn á wá fi ìgbálẹ̀ kanlẹ̀, á ní, "Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀tá mi bá ń ṣàìsàn, omi tútù ni mo ń gbé fún un."

Ọdún kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, pápá kan náà, Terry Elston ló wà nípò. Nebraska ń ṣíwájú, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 12, ìgbìyànjú kẹrin ni, bí èyí kò bá bọ́ sí i, ilé yá. Ó ju ú sí Eric Herring. 17 sí 14. Bí ẹ bá pa Davis rẹ́, ta ni Elston wá gba ẹ̀san fún?

Mi ò ní pẹ́ lórí Klingler, akọ̀ròyìn yín ti yìn ín tó, ó sì tọ́ sí i. Touchdown 54 ló jù ní 1990, mọ́kànlá nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fìyà jẹ Eastern Washington. Ní Tókíò ní Japan ó ju yáàdì 716 lójú Arizona State. Ohun tí wọn ò kọ ni pé ọwọ́ kan náà ló wà níbẹ̀ ní 1991, tí ikọ̀ náà borí mẹ́rin, tí wọ́n nà án ní méje. Aólẹ̀ àti ọba rere lè wà nínú ẹnì kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyàn mú. Ní 2001 Houston gbá eré mọ́kànlá, wọ́n nà án ní mọ́kànlá. Kelly Robertson wà lára àwọn tó dúró síbẹ̀ lọ́dún náà. Mo ti fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà, mo ti ń wa bọ́ọ̀sì, a sì lè máa fi tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀ ọ́ kí o gbà á. Mo mú Ṣèyí lọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kékeré ni. Ó bi mí pé, "Dádì, kí ló dé tó tún ń dìde?" Wọ́n ti wó o lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lójú wa. Mi ò rí èsì fún un. Ẹni tó bá ti dìde nígbà tí gbogbo pápá mọ̀ pé kò sí ohun tó máa ti ibẹ̀ jáde, kí ni yáàdì tí a ó fi wọ̀n ọ́n?

Ní 2003 ni Kevin Kolb dé láti Stephenville, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì náà ni wọ́n ti gbé ipò fún un. Ọdún mẹ́rin ló fi wà níbẹ̀, nígbà tó máa jáde ní 2006 wọ́n ti gba ife líìgì Conference USA. Ẹ ò rí i pé kò sí nínú mẹ́ta yín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Keenum ti jókòó lọ́dún àkọ́kọ́ tirẹ̀, tó ń wò ó.

Keenum fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi tó tóbi jù. Yáàdì 19,217, touchdown 155. Ó ju gbogbo ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì ní ìpele tó ga jù ṣáájú rẹ̀ lọ. Ṣèyí wà ní yunifásítì náà nígbà yẹn, a jọ wà ní pápá Robertson lálẹ́ tó ju touchdown mẹ́sàn-án lójú Yunifásítì Rice ní 2011. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè bí ó ṣe rí ọdún 2011 yẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2010, ní California, lójú yunifásítì UCLA, ó ju bọ́ọ̀lù kan tí ọ̀tá gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò dúró wòran. Ó sá tẹ̀ lé e láti lọ wó o, orúnkún rẹ̀ já. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀, Cotton Turner, wọlé, egungun èjìká rẹ̀ kán nínú eré kan náà. Ọmọ tuntun méjì ló kù, David Piland àti Terrance Broadway. Wọ́n wọ inú iná náà. NCAA wá fún Keenum ní ọdún kan sí i, òun ló lò tó fi borí ní eré mẹ́tàlá nínú mẹ́rìnlá. Ta ló di àyè náà mú fún un di ìgbà tí orúnkún rẹ̀ san?

Piland kò sí níbì kan nínú ìwé yín. Nígbà tí Keenum lọ, òun ló gba ipò. Lọ́jọ́ kan ní 2012, lójú Louisiana Tech, ó ju bọ́ọ̀lù ní ìgbà 77, ó rìn ní yáàdì 580, wọ́n sì tún nà wọ́n. Ní 2013 ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ pátápátá nítorí bí wọ́n ṣe ń fi orí rẹ̀ gbá nǹkan lemọ́lemọ́. Ọmọ tí kò tíì parí yunifásítì. Mo ń wakọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò, mo sì rántí ọmọ SMU tó fi akoto bojú ní ìjọ́sí.

Greg Ward náà ńkọ́? Ó ṣe kọ́tábáàkì ní Tyler kó tó wá. Nígbà tí sáà 2014 bẹ̀rẹ̀, John O'Korn ni wọ́n fi sí ipò náà, Ward ń sáré gba bọ́ọ̀lù. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa ẹsẹ̀ tó yá. Kí sáà náà tó jìnnà, wọ́n gbé e padà. Ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, Houston pàdé Pittsburgh ní Fort Worth. Ó di 31 sí 6 nínú ìdámẹ́rin tó kẹ́yìn. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo ní kí n lọ ra iṣu ní ọ̀nà Bissonnet. Mo ń yọjú wo iṣu lọ́wọ́ ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ṣèyí ni. Igbe nìkan ni mo ń gbọ́. 35 sí 34, Houston ló borí.

Ẹ tún un kà. 35 sí 34. Iye tí wọ́n fi gba ti Danny Davis lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1979 gan-an ni. Bàbá tí a jọ gbálẹ̀ ti kú nígbà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mi ò bá sáré lọ bá a nílé. Ẹni tí kò mọ Davis kò lè mọ ìdí tí àgbàlagbà kan fi jókòó sórí àpò iṣu lọ́jà tó ń nu ojú. Sáà tó tẹ̀ lé e, Ward yìí kan náà borí mẹ́tàlá nínú mẹ́rìnlá, ó fi Florida State parí rẹ̀ ní Peach Bowl, 38 sí 24. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun, sísáré gba bọ́ọ̀lù náà ni wọ́n tún fi í sí.

Lẹ́yìn rẹ̀, n ó yára. D'Eriq King ju touchdown 36, ó gbé 14 wọlé fúnra rẹ̀ ní 2018. Nígbà tó di 2019 ó gbá eré mẹ́rin, ó ní òun fẹ́ sinmi, ó gba Miami lọ. Clayton Tune rọ́pò rẹ̀, ó dúró títí di 2022, ọdún tó ju touchdown méje sí SMU lọ́jọ́ kan tí wọ́n tún fi 77 sí 63 nà án. Donovan Smith ti Texas Tech wá, Conner Weigman ti Texas A&M wá. Òfin ti gbà wọ́n láyè báyìí láti kó ẹrù lọ́dọọdún bí ayálégbé. Mi ò bá wọn jà, owó ti wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń to orúkọ ní ogún ọdún sí i máa jìyà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ tò ó nísinsìnyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Ẹ tẹ orúkọ gbogbo àwọn tó bẹ̀rẹ̀ eré fún Houston nípò yẹn láti 1946 tí wọ́n ti dá ikọ̀ náà sílẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀. Ẹ kọ iye tí wọ́n borí, ẹ kọ iye tí wọ́n nà wọ́n. Bí àyè kò bá tó, ẹ yọ àwòrán Keenum kúrò, ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Akọ̀ròyìn yín kò sì gbọdọ̀ sọ fún mi pé ẹni tí kò gba ife kò yẹ ní kíkà. Àwọn ọ̀wọ́ Ọlájùwọ́n dé ìdíje àṣekágbá ní 1983, wọ́n fi 54 sí 52 gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tí àkókò ti tán, wọ́n tún pàdánù ti 1984, ó sì kúrò ní yunifásítì yẹn láìgba ife orílẹ̀-èdè. Ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí kí ọmọ Yorùbá kan fo orúkọ rẹ̀?

Ṣèyí ti ní ọmọkùnrin, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ṣóńṣó rẹ̀. Á ní kí n máa sá lọ, kí n má wẹ̀yìn, òun á jù ú. Èmi a máa wẹ̀yìn. Á ní, "Bàbá àgbà, ẹ tún ti wò ó!"

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Ṣèyí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Houston, Texas.